Bàbà Tó Ń Gba Odò-Ọwá Kọjá

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń pàdé àlejò ní Odò-Ọwá ni ìkíni, ìkíni náà sì ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tó ti Èkó wá, tó gbà pé Yorùbá kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn lórí rédíò, yóò gbọ́ "ulé" níbi tó ti ń retí ilé, yóò gbọ́ "uyán" níbi tó ti ń retí iyán. Bí wọ́n bá sì dárúkọ "uná", kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé iná ni wọ́n ń sọ. Ìpínlẹ̀ Kwara ni ìlú yìí wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Ìlọ́fà, ṣùgbọ́n ahọ́n Èkìtì ni ahọ́n wọn. Ààlà tí ìjọba fà sórí ìwé kò dé ẹnu àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó yẹ kí èyí ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àlejò pé ohun tó dá a lójú nígbà tó ń bọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀ tó bá dé ibẹ̀. Ohun tó sì dá ọ̀pọ̀ wa lójú nípa irú ìlú báyìí, tó bá kan ọ̀rọ̀ iná oòrùn, ni pé oníbàárà lásán ni wọ́n. China ló ń ṣe é, Èkó ló ń kó o wọlé, Ilọrin ló ń pín in, àwọn ará Odò-Ọwá ló ń gbé e gun òrùlé. Ìrìnàjò yìí da èrò náà rú. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbà ló dà á rú.

Bàbà kì í hàn síta nínú iṣẹ́ iná oòrùn. Gíláàsì ló ń dán lórí òrùlé, bátìrì ló ń gba ìyìn nínú yàrá, ínfátà ló ń ṣẹ́jú pìrìpìrì lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, bàbà ni yóò máa bá pàdé: tẹ́ẹ́rẹ́ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so àwọn ojú pánẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ra, wáyà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé, lọ́ọ̀gì, ìyẹn ojú bàbà olíhò tí oníná máa ń fi bóòtù dè mọ́ orí bátìrì, bọ́sìbáà, pẹlẹbẹ bàbà tí gbogbo wáyà ti ń pàdé nínú àpótí, kọ́ìlì inú ínfátà, àti ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Àjọ IEA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé ṣírò rẹ̀ ní 2021 pé mẹ́gáwáàtì kan iná oòrùn máa ń gba bàbà tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.8, pé ti afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ kò jìnnà sí i, àti pé ti afẹ́fẹ́ orí òkun ń gba tọ́ọ̀nù 8. Nínú gbogbo irin, fàdákà nìkan ló ń gbé iná ju bàbà lọ, ta ni yóò sì fi fàdákà ṣe wáyà ilé? Nítorí náà, bí ayé ṣe ń fi epo sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oòrùn, bàbà ló ń lọ bá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, tọ́ọ̀nù bàbà kan kọjá $10,000 lọ́jà London. Ó yà mí lẹ́nu pé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ sólà ní ilẹ̀ yìí, pánẹ́ẹ̀lì nìkan la máa ń sọ, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìlù tí kò dárúkọ awọ.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ bàbà yìí yé mi. Iyán ni oúnjẹ níbí. Odó wà lẹ́yìnkùlé, iṣu tó wọnú rẹ̀ ti oko wá láàárọ̀, àwọn méjì ló dojú kọ ara wọn pẹ̀lú ọmọrí odó, ìró rẹ̀ sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọ̀kan ti ń gbé tirẹ̀ sókè lèkejì ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà nínú ìkòkò, ẹran ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀ bí ọdẹ bá ti ìgbẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ní Èkó, iyán tí ọ̀pọ̀ ń jẹ ti di lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní pọ́ńdò. Omi gbígbóná ni wọ́n ń rò ó mọ́, wọ́n á sì fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹun. Ẹ sọ fún àgbẹ̀ kan ní Odò-Ọwá pé kó kó gbogbo iṣu rẹ̀ lọ Èkó, kó wá fi owó rẹ̀ ra pọ́ńdò bọ̀ wálé fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bóyá ara ẹ yá. Ohun tí kò ní ṣe sí iṣu rẹ̀ láéláé, òun gan-an là ń ṣe sí bàbà, ní ìlú yẹn kan náà, lójoojúmọ́.

Ẹni tó ń ṣe é fún wa ni oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Kò sí ìlú tí kì í dé. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ń tì, òòlù àti òṣùwọ̀n wà nínú rẹ̀, igbe rẹ̀ sì ti di ohun tí àwọn ọmọdé ń sín jẹ: ẹ ní bátìrì? Ẹ ní jẹnẹrétọ̀ tó ti bàjẹ́? Ẹ ní wáyà? Ìyá á gbé fáànù tó ti jóná jáde, wọ́n á dunàá-dúrà, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀ báyìí," "Ọmọ mi, fowó lé e," fáànù á sì wọnú kẹ̀kẹ́. Ohun tí ẹni tó ń wò ó kì í tètè rí ni ọgbọ́n tó wà nínú ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Kì í da irin pọ̀. Bàbà pupa tó mọ́, tí wọ́n bó láti inú wáyà, ní iye tirẹ̀. Bàbà tó ti jóná dúdú nínú kọ́ìlì ní iye tirẹ̀. Idẹ ẹnu ẹ̀rọ omi ní tirẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù ìkòkò ní tirẹ̀. Ó lè fi ojú àti èékánná dá wọn mọ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹrù á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú ńlá, á ti ibẹ̀ lọ sí Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì wá ọ̀nà òkun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjókù irin wà nínú ìwé àwọn ohun tí òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní a kò gbọ́dọ̀ kó jáde. Lẹ́yìn náà, lọ́ọ̀gì àti bọ́sìbáà á ti ibi tó lọ padà wá sí Ilọrin nínú páálí tó dán. Àwọn tí kò ní ohun èlò tí wọ́n lè fi bó wáyà á dáná sun ún. Ẹni tó bá mọ Alábà ní Èkó, tàbí tó gbúròó Agbogbloshie ní Accra kí wọ́n tó wó o ní 2021, mọ irú èéfín tí mò ń sọ: ara ọmọ ni wọ́n fi ń san ìdá kan nínú iye bàbà náà.

Àtakò kan ti wà lẹ́nu òǹkàwé báyìí, mo sì mọ̀ ọ́n: kí ni Odò-Ọwá fẹ́ fi bàbà ṣe, nígbà tí kò sí ìwakùsà bàbà kan ní gbogbo àgbègbè yẹn? Chile ló ń wà á jù láyé, Kóńgò tẹ̀lé e, China ló ń yọ́ èyí tó pọ̀ jù mọ́. Èrò yìí, pé ẹni tó ní ihò ilẹ̀ nìkan ló lè ní iṣẹ́, ni ìrìnàjò sí apá ibí yìí kọ́kọ́ bì ṣubú, nítorí pé ìtàn Kwara fúnra rẹ̀ tako ó. Ní Tada, ìletò kan létí odò Ọya ní ìhà àríwá Kwara, ni wọ́n ti rí ère ọkùnrin kan tó jókòó, tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 54, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹrìnlá ni àwọn onímọ̀ fi í sí, iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ ló sì jọ. Láyé àtijọ́, àwọn ará Tada máa ń gbé e lọ sódò, wọ́n á fi iyanrìn fọ̀ ọ́, kí ẹja lè pọ̀, kí àwọn obìnrin lè bímọ. Ní Ifẹ̀, ìbòjú tí wọ́n ń pè ní Ọbàlùfọ̀n, bàbà pọ́ńbélé ni òun náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ó ṣòro ju idẹ lọ gan-an: bàbà nìkan kì í yọ́ àfi tí iná bá tó 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń gbé afẹ́fẹ́ mì, kì í ṣàn dáadáa wọ kọ̀rọ̀ inú amọ̀ tí wọ́n ń dà á sí. Kò sí ìwakùsà bàbà ní Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Tada.

Níbo ló ti wá, nígbà náà? Láti òkèèrè, bí ó ti ń ti òkèèrè wá lónìí. Ní aṣálẹ̀ Mauritania, àwọn onímọ̀ bá ọ̀pá idẹ nǹkan bíi 2,000 nínú iyanrìn ní Ma'den Ijafen, ẹrù ràkúnmí tí ẹnìkan rì síbẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá tàbí ìkejìlá tí kò sì padà wá gbé. Nígbà tí arìnrìnàjò Ibn Battuta dé Takedda, nínú ilẹ̀ tó di Niger lónìí, ní 1353, ó rí bí wọ́n ṣe ń wa bàbà, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀pá tín-ín-rín àti ọ̀pá tó ki, tí wọ́n ń fi ṣe owó, tó sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Gobir àti Borno. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Pọtogí kó ẹ̀gbà wọn dé, èyí tí wọ́n ń pè ní manilla. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni irin inú irú manilla tí àwọn ará Ìbìní yọ́ ti wá. Ìgbò-Ukwu ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀, torí ó jọ pé ìtòsí ni bàbà tiwọn ti wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí ère orí Ifẹ̀ tó ní "iṣẹ́ Jámánì" tàbí "iṣẹ́ Lárúbáwá." Ọwọ́ tó ṣe é ló ni ín. Ẹ sì wo òpin manilla: láàárín 1948 àti 1949, ìjọba amúnisìn ra èyí tó lé ní mílíọ̀nù 32 lọ́wọ́ àwọn èèyàn ìlà-oòrùn Nàìjíríà kí wọ́n lè fi òpin sí ìnáwó rẹ̀, wọ́n sì tà á bí àjókù. Ìtàn bàbà wa fún ẹgbẹ̀rún ọdún ni èyí: ó ń wọlé ní ọ̀pá, a ń sọ ọ́ di iṣẹ́. Ìgbà tí a kò sọ ọ́ di iṣẹ́ mọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní àjókù.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé Ifẹ̀ nìkan ni. Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀ kò jìnnà sí Odò-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, àwọn asúdẹ ibẹ̀ sì gba orúkọ títí wọnú ìwé àwọn tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe: amọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ inú rẹ̀, wọ́n á fi ìda oyin ya ojú, imú àti aṣọ sí i lára, wọ́n á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á gbé e síná kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á sì da idẹ gbígbóná sí ààyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ṣẹ́kù nínú amọ̀, ó lè bú gbàù. Bí idẹ bá tutù jù, kò ní dé ìka ẹsẹ̀ ère. Àwọn tó ń fojú iṣẹ́ òrìṣà nìkan wò ó kì í sọ ibi tí idẹ náà ti ń wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àjókù ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ẹ̀gbà tó ti gbó, ìkòkò tó ti fọ́, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ idẹ. Asúdẹ ni oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ lónìí ni pé asúdẹ ní iná àti amọ̀ tó fi ń da idẹ lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Àyíká yìí kún fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sì ló bí agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ sí Areogun, tó kú ní 1954, orúkọ tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí ẹni tó ń rí owó irinṣẹ́ Ògún ná. Odò-Ọwá àti Kájọlà tó wà nítòsí rẹ̀ ló ni Bámigbóyè, agbẹ́gilére mìíràn, ẹni tí àwọn ère Ẹpa rẹ̀ tóbi débi pé èèyàn á ṣe kàyéfì bí ọrùn kan ṣe lè rù wọ́n jó. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí àfihàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ohun tó wú mi jù nínú ìtàn rẹ̀ kò sí ní Yale, ṣùgbọ́n ní Ọ̀mù-Àrán: láàárín ọdún 1930 sí 1939, wọ́n gbà á síṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kó lè máa kọ́ àwọn ọmọ ní igi gbígbẹ́. Ìyẹn ni pé àgbègbè yìí ti gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọ kíláàsì rí, kí ẹnikẹ́ni tó máa fi "skills acquisition" pariwo.

Èmi kì í ṣe ẹni tó gbà pé nítorí pé baba ńlá ẹnìkan dá idẹ, ọmọ rẹ̀ lè ṣe sólà. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, kò sì jẹ́ òtítọ́. Ohun tó dára fún ẹdan Ògbóni ló burú jù fún wáyà. Asúdẹ máa ń da síńkì àti òjé pọ̀ mọ́ bàbà kó lè ṣàn; wáyà ò fẹ́ kí nǹkan kan dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí kò tó ìdá kan nínú 2,000 bá wọ inú bàbà, agbára rẹ̀ láti gbé iná lè dínkù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Irú bàbà tí wọ́n fi ń fa wáyà gbọ́dọ̀ mọ́ tó 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kì í sì í ṣe èékánná ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Ẹni tó bá ta bọ́sìbáà àbùkù fún oníná, ooru ni yóò kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, iná á tẹ̀lé e, ilé ẹni ẹlẹ́ni á sì jó. Nítorí náà, àtakò yìí lágbára, a kò sì lè fi ìwúrí dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn tó wà ni pé oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Bàbà pupa tí wọ́n bó láti inú wáyà, tí iná kò kàn, tí wọn kò sì dà pọ̀ mọ́ idẹ, wọ́n ti yọ́ ọ mọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di wáyà. Títúnṣe kì í sọ bàbà di aláìlera. Bó ti gbé iná lánàá náà ni yóò gbé e lọ́la, bí ẹ̀gbin kò bá wọ̀ ọ́. Ohun tó kù ni ilé ìdánwò kékeré kan tí yóò máa wọn bó ṣe ń gbé iná kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Yunifásítì Landmark wà ní Ọ̀mù-Àrán láti 2011, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó ṣòro fún irú ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Wọ́n á ní: iná dà? Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yíyọ́ bàbà níbi tí ìyá oníyán kò ti lè rí iná fi pa omi mọ́ tútù. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ooru tó ń gbé kílò bàbà kan láti bó ṣe wà títí tó fi yọ́ tó nǹkan bíi 0.18 yúníìtì iná. Bí a bá tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta nítorí ooru tó ń ṣòfò, ọgọ́rùn-ún kílò á gba nǹkan bí àádọ́ta yúníìtì. Pánẹ́ẹ̀lì tó tó kílówáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè mú ìyẹn jáde lọ́jọ́ tí oòrùn ràn dáadáa. Oòrùn á yọ́ bàbà tí yóò fi kó oòrùn. Àti pé kì í ṣe gbogbo ohun èlò yìí ló nílò kí a yọ́ nǹkan. Lọ́ọ̀gì, páìpù bàbà ni: wọ́n gé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ lápá kan, wọ́n lu ú, wọ́n fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n sì fi irin funfun fẹ́lẹ́ bò ó kó má baà dípẹtà. Bọ́sìbáà, gígé àti lílu ni. Kọ́ìlì mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀, àwọn tó ń wé e ti wà ní gbogbo ìlú wa, tí wọ́n ń ka ìyípo wáyà lẹ́nu bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú ọwọ́ wọn ni ìyá iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ amúnáwá ìsédò Jẹ́bà, tí wọ́n ṣí ní 1985 lórí odò Ọya níbi tí Kwara ti kángun sí Ìpínlẹ̀ Niger: bàbà tí wọ́n wé, tí omi ń yí. Títóbi ló yàtọ̀.

Àtakò tó le jù, lójú tèmi, ni ti owó. Ilé iṣẹ́ kan ní China lè lu lọ́ọ̀gì ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí alágbẹ̀dẹ kan ní Odò-Ọwá tó lu ogún. Kò sí ọgbọ́n tó lè yí ìyẹn padà, ẹni tó bá sì ní kí Odò-Ọwá máa bá wọn du ọjà ayé ń tan wọ́n jẹ ni. Wáyà fífà gan-an kò yẹ ìlú kékeré. Ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi, ó sì nílò owó ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é ti wà nílé: Cutix bẹ̀rẹ̀ ní Nnewi ní 1982, Coleman ń fa wáyà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Zambia tó ní bàbà nínú ilẹ̀ pàápàá kò dúró lórí ìwakùsà nìkan. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Metal Fabricators sílẹ̀ ní Luanshya ní 1968 kí wọ́n lè máa fa wáyà tiwọn. Ibi tí ìlú kékeré ti lè wọlé ni ohun tó kéré jù fún China láti bìkítà fún: bọ́sìbáà tí gígùn rẹ̀ bá àpótí kan pàtó mu, lọ́ọ̀gì tí wọ́n nílò lónìí tí kò lè dúró de ọkọ̀ ojú omi, kọ́ìlì tó jóná lóru. Ẹ wo Gbámú-Gbámú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ Rubitec gbé iná oòrùn kílówáàtì 85 kalẹ̀ fún ìletò kan ní 2018. Bí a bá fi ìṣirò IEA wọn ọ́n, bàbà inú rẹ̀ á tó nǹkan bí 240 kílò, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún. Kò pọ̀ fún China. Ó pọ̀ fún ilé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin. Báńkì Àgbáyé sì fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù ní oṣù Kejìlá 2023 fún ètò DARES, láti gbé irú iná bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní mílíọ̀nù 17. Àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún ní ìletò kọ̀ọ̀kan á di òkìtì.

Ti alumíníọ́ọ̀mù, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó dínwó, pé ó fúyẹ́, pé òun ni púpọ̀ nínú wáyà orí òpó tí a ṣì ń pè ní ti NEPA. Ṣùgbọ́n ó ń gbé nǹkan bí 61 péré nínú ọgọ́rùn-ún iná tí bàbà tí wọ́n bá jọ tóbi ń gbé, ojú ibi tí wọ́n ti dè é sì máa ń dípẹtà, tó ń tú. Lórí òpó, ó dára. Lórí bátìrì, ẹ fi bàbà síbẹ̀.

Olóye kan á ṣì sọ pé bí a bá sọ bàbà di ọ̀wọ́n nílé, a ti rán olè sí tíránsífọ́mà. Olè ti wà níbẹ̀, kò dúró de àròkọ yìí. Ohun tó ń bọ́ ọ ni pé ẹni tó ń ra ẹrù rẹ̀ jìnnà, kò lójú, kò sì ní ìwé. Ilé iṣẹ́ kan tó wà láàárín ìlú, tó ń kọ orúkọ ẹni tó ta wáyà àti ilé tó ti wá sílẹ̀, ojú tó pọ̀ ló wà lára rẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti mọ fáànù ìyá kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò gbé wáyà òpó wá láàárín ọjà? Mi ò sọ pé kò ní ku olè kan. Mo ní yóò ṣòro fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí àlejò bá ń kúrò ní Odò-Ọwá, wọn kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Iṣu ni wọ́n máa ń dì fún un, wọ́n á ní "ó dàbọ̀ o, ẹ kí ulé," iṣu á sì bá a dé Èkó. Lójú ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ tó kó àjókù ń gbà lọ, fáànù, kọ́ìlì àti wáyà nínú àpò lórí ara wọn. Àwọn tó ń pín owó DARES, ìyẹn àjọ REA, lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lọ́ọ̀gì, bọ́sìbáà àti okùn ẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà tí wọ́n sì ti wọn bó ṣe ń gbé iná. Ìjọba Kwara lè gbé òṣùwọ̀n kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan sí Òkè-Ẹ̀rọ̀. Kò tó owó ọ̀nà kìlómítà kan. Ní tìrẹ, òǹkàwé, bí oníná bá ń gbé sólà rẹ kalẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbo ni wọ́n ti ṣe lọ́ọ̀gì tó ń dè mọ́ bátìrì. Bí kò bá mọ̀, sọ fún un kó wò ó lára páálí.